Bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ Ben Hunt

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí fídíò kan ò jẹ́ kí n gbádùn. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Townsville, lápá àríwá Queensland ní Ọsirélíà lọ́hùn-ún, ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó dé òpin, ẹ má fo ibì kankan o." Mo ṣí i, mo rí i pé bọ́ọ̀lù ni, kì í tún ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, rọ́gíbì ni, èyí tí wọ́n ń fi èèyàn mẹ́tàlá-mẹ́tàlá gbá, tí wọ́n ń pè ní rugby league. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mo wò ó tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ wẹ̀, mo tún padà wá wò ó, nígbà tó fi máa di alẹ́ mo ti wá odindi ìdíje náà kàn lórí YouTube, mo sì jókòó tì í títí wọ́n fi mú iná lọ.

Aṣekágbá líìgì NRL ti ọdún 2015 ni, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, ní pápá ńlá Sydney, èèyàn 82,758 ló wà níbẹ̀. North Queensland Cowboys, ìyẹn ẹgbẹ́ Townsville, ló pàdé Brisbane Broncos. Cowboys gbà á, 17 sí 16. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìròyìn lásán, ìròyìn ti tán síbẹ̀. Àmọ́ póìntì kan ṣoṣo tó wà láàárín 16 sí 17 yẹn, òun ni mò ń gbé kiri láti ọjọ́ yẹn, mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbé e wọ mọ́tò.

Ẹgbẹ́ tí ojú ẹ̀ ti rí nǹkan

1995 ni Cowboys bẹ̀rẹ̀ sí í gbá nínú líìgì ńlá, ogún ọdún gbáko ni wọ́n sì fi ń wo ife lọ́wọ́ ẹlòmíì. Wọ́n dé aṣekágbá lẹ́ẹ̀kan, ní 2005, Wests Tigers nà wọ́n 30 sí 16. Broncos ní tiwọn, ẹ̀gbọ́n pátápátá ni wọ́n jẹ́ fún wọn, Brisbane tó jẹ́ olú-ìlú Queensland nilé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti dé aṣekágbá ṣáájú ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà náà ni wọ́n sì gbé ife. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ méjì láti Queensland máa bára wọn nínú aṣekágbá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò lójú agbo kan náà.

Àbúrò mi ní tí òun bá ń bá àwọn àgbàlagbà tí òun ń tọ́jú sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọn kì í kọ́kọ́ sọ ti ife, ìyà ọdún tó ṣáájú ife ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Nínú eré yìí, tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n lè mú yín balẹ̀, ìkẹfà bá ti pé, bọ́ọ̀lù di tẹni kejì. Ní 2013, nínú ìdíje tó jẹ́ pé ẹni tó bá pàdánù máa gba ilé lọ ni, rẹfirí ṣi kíkà, ẹgbẹ́ Cronulla tí wọ́n ń bá gbá rí ìkeje gbá, ìkeje yẹn gan-an ni wọ́n fi jẹ, Cowboys sì gba ilé lọ, 20 sí 18. 2014 ló wá dun èmi jù nígbà tí mo kà á: Roosters ti gbé e dé 30 sí òdo, Cowboys rọra padà wá díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di 30 sí 30, Roosters fi póìntì kan ṣoṣo kọjá wọn, Cowboys tún gbé bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn, rẹfirí ní rárá o, bọ́ọ̀lù ti kan ọwọ́ Johnathan Thurston lọ síwájú. 31 sí 30. Ẹ fi orúkọ Thurston yẹn sọ́kàn.

Bí 2015 ṣe wọlé, ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Paul Green ni kóòṣì wọn, ọdún ẹ̀ kejì lẹ́nu iṣẹ́ yẹn nìyẹn, òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Cowboys rí. Mi ò mọ nǹkan tó lè mú ẹgbẹ́ tó ti jẹ irú ìyà yẹn dìde lẹ́yìn òfò mẹ́ta léra, àmọ́ wọ́n dìde, wọ́n gba mọ́kànlá léra wọn láìsinmi, wọ́n sì parí sí ipò kẹta. Nígbà tó wá kan àwọn ìdíje ìparí, Broncos kọ́kọ́ nà wọ́n 16 sí 12, ipò tí wọ́n wà ló jẹ́ kí wọ́n ṣì ráyè kejì. Cronulla ọ̀hún, àwọn oníkeje, ni wọ́n bá pàdé, Cowboys nà wọ́n 39 sí òdo. Wọ́n lọ nà Melbourne Storm nílé wọn, 32 sí 12. Ó wá ku Broncos.

Bọ́ọ̀lù lu òpó

Broncos ló ń ṣáájú, 16 sí 12, ó ku ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Tí èèyàn bá gbé bọ́ọ̀lù dé orí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlà tó sì fi kanlẹ̀, póìntì mẹ́rin nìyẹn, tráì ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó méjì fún póìntì méjì sí i, àmọ́ ọ̀gangan ibi tẹ́ ẹ ti fi kanlẹ̀ lẹ ti máa gbá a. Tó bá jẹ́ àárín ni, ọmọdé lè gbá a. Tó bá jẹ́ igun pápá, iṣẹ́ ńlá ni.

Thurston gba bọ́ọ̀lù, kò rí ọ̀nà, ó yẹ̀ sọ́tùn-ún, ọwọ́ Broncos bà á kò dì í mú, ó jù ú sí Michael Morgan. Morgan já wọ àárín wọn, wọ́n rọ́ mọ́ ọn, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ báyìí ló fi ọwọ́ ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, kò tiẹ̀ ráyè wo ẹni tó ń jù ú sí, Kyle Feldt wà níbẹ̀, Feldt gbé e, ó fi kanlẹ̀ nígun ọ̀tún. Ìró tó ń sọ pé àkókò ti tán ti dún. 16 sí 16.

Ó wá ku bọ́ọ̀lù kan. Tí Thurston bá gbá a wọlé, 18 sí 16, ọ̀rọ̀ parí, ogún ọdún parí. Ọmọ ọdún 32 ni, ọdún kọkànlá ẹ̀ ní Townsville nìyẹn, òun náà wà lára àwọn tí Wests Tigers nà ní 2005, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Dally M, ti agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ nínú líìgì, lẹ́ẹ̀kẹrin. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo Queensland yan ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù yẹn, òun ni wọ́n máa yàn. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ìlà, ó sún sẹ́yìn, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó ń yí bọ̀ wá sínú, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó lu òpó, ó ta padà.

Ibi tí mo máa ń dá fídíò dúró nìyí. Gbogbo ìyà ọdún yẹn, mọ́kànlá léra, 39 sí òdo, gbogbo ẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì tàsé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àgbà ṣubú, kò ráyè wo ẹ̀yìn, torí wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́.

Ọwọ́ Hunt

Golden point ni wọ́n ń pe èyí tó kàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ póìntì, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, òun ló gbé ife. Cowboys ló máa gbá bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, Broncos ló máa gbà á. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó ga gan-an, ó ń bọ̀ wálẹ̀ lórí Ben Hunt, agbábọ́ọ̀lù Broncos. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kò sẹ́ni tó tì í. Ó na ọwọ́ méjèèjì, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ẹ̀, ó bọ́.

Bọ́ọ̀lù di ti Cowboys nítòsí ilé Broncos. Wọ́n gbé e síwájú díẹ̀, wọ́n sún un sáàárín pápá, wọ́n dá a padà fún Thurston. Irú ìgbá yìí, wàá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́ kó o tó gbá a, póìntì kan ṣoṣo ni. Ó wọlé. 17 sí 16. Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta, lóòótọ́, wọ́n sì fún Thurston ní àmì-ẹ̀yẹ Clive Churchill gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbá jù lọ́jọ́ náà.

Látọjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé kí ló ṣe Broncos ní 2015, orúkọ kan ni wọ́n máa dá: Hunt. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń já mi nínú jẹ nìyẹn, torí nígbà tí mo jókòó wo odindi ìdíje náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Póìntì mẹ́rìnlá ni Broncos jẹ kí wọ́n tó lọ sinmi. Lẹ́yìn ìsinmi, ogójì ìṣẹ́jú odindi, méjì péré ni wọ́n rí jẹ, tráì kankan ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́tàlá ni o. Nígbà tí Thurston yẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, ọwọ́ bíi mélòó ló bà á tí kò dì í mú? Nígbà tí Morgan já wọ àárín wọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ àwọn yẹn.

Ẹ tún wo èyí. Ká ní bọ́ọ̀lù Thurston wọlé nígbà tó gbá a lẹ́bàá ìlà ni, kò ní sí golden point, kò ní sí bọ́ọ̀lù kankan tó máa wá sórí Hunt láti òkè. Àṣìṣe Thurston ló gbé bọ́ọ̀lù yẹn sókè orí ẹ̀. Ọkùnrin méjì ló ṣàṣìṣe, àárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn, èyí tó jẹ́ ti Thurston le o, igun pápá ni, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni, òun náà ló sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àṣìṣe ẹnìkan wọnú ìtàn ife, ó wá ń jẹ́ kí ìtàn náà dùn létí. Ti ẹnì kejì di orúkọ ẹ̀. Èmi ò gbà pé iyì tàbí ọgbọ́n ló pín wọn níyà. Ẹni tí bọ́ọ̀lù tún padà wá bá lẹ́yìn àṣìṣe ẹ̀ ni Thurston, ti Hunt ò padà wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ àwa tá a bá ń wo eré, ọjọ́ kan ò lè kọjá ká má dá irú ẹjọ́ yẹn.

Òrùka 2004

Ó jọ pé Thurston fúnra ẹ̀ mọ̀ pé ife kì í ṣe tẹni tó bá wà lórí pápá nìkan. Ní 2004, ó ṣì kéré, Bulldogs ló wà nígbà yẹn. Steve Price tó jẹ́ kápútẹ̀nì wọn fara pa, kò lè gbá aṣekágbá, Thurston ló bọ́ sínú ẹgbẹ́. Wọ́n gbà á. Wọ́n fún un ní òrùka tí wọ́n máa ń fún àwọn tó bá gbé ife, ó mú òrùka náà, ó gbé e fún Price. Ọmọ ọdún 21. Ọdún mọ́kànlá ló tún fi wá òmíràn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwòrán kan wà láti alẹ́ 2015 yẹn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí i rí láìmọ ibi tó ti wá. Thurston jókòó sílẹ̀ lórí pápá, ọmọbìnrin ẹ̀ kékeré wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ọmọláńgidi aláwọ̀ dúdú kan wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ni Thurston, ìran Gunggari, bẹ́ẹ̀ náà ni Justin Hodges tó jẹ́ kápútẹ̀nì Broncos jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ìdíje tí Hodges fi dágbére fún bọ́ọ̀lù sì nìyẹn. Èmi tí mo lọ́mọ obìnrin nílé, tí mo ti wá ọmọláńgidi dúdú kiri ọjà láìrí, mo mọ nǹkan tí ọmọláńgidi yẹn ń sọ.

Mi ò lè wo ayọ̀ yẹn mọ́ bí mo ṣe ń wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣá, torí nígbà tí mo wá Paul Green lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ó ti kú. Oṣù kẹjọ 2022, ọmọ ọdún 49. Àwọn ẹbí ẹ̀ yọ̀ǹda ọpọlọ ẹ̀ fún àwọn oníṣègùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá àìsàn tí wọ́n ń pè ní CTE nínú ẹ̀, ó sì ti le. Àìsàn yẹn, ara àwọn tí wọ́n ti fi orí gbá nǹkan léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ń bá a. Òun náà ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, mo ti sọ ọ́. Nínú fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dì mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ ọkọ̀ọ̀kan. Mo máa ń wo ojú ẹ̀ báyìí ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ọdún mẹ́wàá ó lé ọjọ́ kan

Ọjọ́ kejì tí àbúrò mi fi fídíò àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ó fi òmíràn ránṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹni tó wà níbí." Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2025 ni, pápá Sydney kan náà, orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Broncos ló bá Melbourne Storm gbá aṣekágbá, wọ́n gbà á, 26 sí 22, ife àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí láti 2006. Ben Hunt wà nínú wọn.

Ó ti kúrò ní Brisbane rí o, ó lọ sí St George Illawarra ní 2018, ó lo ọdún méje níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ló padà wálé. Ọmọ ọdún 35. Kò pọndandan kó padà síbi tí gbogbo ẹni tó bá rí i á ti kọ́kọ́ rántí bọ́ọ̀lù tó bọ́. Ó padà. Ọdún mẹ́wàá ó lé ọjọ́ kan lẹ́yìn alẹ́ yẹn, ó wá dúró lórí koríko yẹn kan náà, ife sì ti dọ́wọ́. Mo bi àbúrò mi pé ṣé inú àwọn ará Townsville dùn sí i, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ ti Cowboys látilẹ̀ gan-an pàtẹ́wọ́ fún un níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀pá

Mo ní láti sọ nǹkan tó jẹ́ kí gbogbo èyí máa yọ mí lẹ́nu. Nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdírì, inter-house, àwa mẹ́rin la sáré fún Yellow House, eré oní-ọ̀pá tí èèyàn máa ń sáré lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Àwa là ń ṣáájú. Ẹnì kẹrin ló kù, òun ló yá jù nínú wa, ọ̀pá bọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó padà lọ mú un, àwọn tó kù ti lọ. Ọ̀pá-bọ́ la sọ ọ́, títí a fi jáde nílé ìwé yẹn. Wọ́n fi kọrin ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò sáré mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Èmi ni ẹnì kẹta. Ọwọ́ mi ni ọ̀pá ti kúrò lọ sọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí mo bá ń sọ ìtàn yẹn, "ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀" ni mo máa ń sọ, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí rí pé ta ló fún un. Lẹ́yìn tí mo ka ogójì ìṣẹ́jú Broncos yẹn tán ni mo wá bi ara mi pé ṣé ó ti dì í mú kí n tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Mi ò lè búra. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ mí, mo mọ̀ pé mo fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo gba nọ́ńbà ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Àkúrẹ́ báyìí. Mo fi fídíò méjèèjì ránṣẹ́ sí i, ti 2015 àti ti 2025, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Ó wò ó. Ọjọ́ Sátidé mo pè é. A kíra wa, a béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó ní òun rí fídíò, ó ní ọkùnrin yẹn gbìyànjú. Mo wá ní, "Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ọjọ́ yẹn, ó jọ pé èmi ni mo tètè fi í sílẹ̀ o. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá."

Ó dákẹ́. Mò ń gbọ́ àwọn tó ń nájà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ẹnìkan ń béèrè iye fáànù bẹ́líìtì. Ó wá ní, "Ṣé o ò rántí ni? Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀pá yẹn tutù, ó ń yọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dì í mú." Ó ní oníbàárà ti dé, òun á pè mí padà.

Oṣù kejì la máa ń ṣe inter-house nílé ìwé wa, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rántí eruku pupa tó ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, mo rántí àwọn ìyá wa tí wọ́n fi gèlè bo ojú torí oòrùn. Òjò kankan ò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.